ÌKA Ò DỌ́GBA: ÌTÀN ÀWỌN DÓKÍTÀ TÍ WỌ́N TI ILẸ̀KÙN MỌ́

Òwe kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: ìka ò dọ́gba. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá béèrè pé kí ló dé tí owó oṣù òun fi kéré sí ti ẹni tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà, wọn á ní ìka ò dọ́gba. Bí obìnrin bá ní òun fẹ́ jẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́, ìka ò dọ́gba. Bí arọ bá ní òun fẹ́ dé ọ́fíìsì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìka ò dọ́gba náà ni. Èmi ò bá òwe jà. Òótọ́ ni, ìka ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò ní ká gé èyí tó kúrú dànù. Ẹ fi ìka mẹ́rin bu òkèlè iyán láìlo àtàǹpàkò, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Ọmọ Màsífà ni mí, lágbègbè Èjìgbò, níbi tí a ti ń bọ òrìṣà Ògìyán. Bí a bá sọ̀rọ̀ iyán, a mọ ohun tí à ń sọ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, iṣẹ́ ìṣègùn òyìnbó. Mo mú un nítorí pé ìtàn rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀, ọdún rẹ̀ sì ṣeé tọ́ka sí. Mo tún mú un nítorí pé kò sí ẹni tí kò ní dé ọsibítù lọ́jọ́ kan. Ìbéèrè mi ò le: ta ni wọ́n gbà wọlé, ta ni wọ́n tì síta, kí ló sì ná àwa tó kù?

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ WỌLÉ

Ní ọdún 1855, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá dókítà tí yóò máa tọ́jú àwọn sójà wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàdédé fẹ́ràn aláwọ̀ dúdú. Àwọn dókítà òyìnbó tí wọ́n ń rán wá ń kú ni. Ibà ò mọ ẹni tó gboyè. Wọ́n wá mú ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Fourah Bay ní Sàró, wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí King's College ní London. Samuel Campbell ṣàìsàn, kò rí i parí kó tó kú. Àwọn méjì yòókù parí. William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, gboyè ní St Andrews ní 1858. James Africanus Horton, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ìgbò, gboyè ní Edinburgh ní 1859. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ọdún wọ̀nyẹn. Kò tíì sí ohun tó ń jẹ́ Nàìjíríà. Èkó pàápàá kò tíì bọ́ sọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, torí 1861 nìyẹn ṣẹlẹ̀.

Àwọn méjèèjì di dókítà nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Horton kò fẹ́ kó mọ sórí àwọn méjì. Ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn sí i. Àwọn dókítà òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló takò ó. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó wọlé fẹ́ di ilẹ̀kùn mú kí ẹlòmíràn lè kọjá, àwọn tó wà nínú ilé ń tì í padà.

Síbẹ̀, àwọn ọmọ Sàró àti Èkó kò dúró de ìjọba. Ìdílé àti ìjọ ló ń dáwó rán ọmọ lọ. Nathaniel King ṣiṣẹ́ dókítà ní Èkó kó tó kú ní 1884. Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Randle, Obadiah Johnson, Orísàdípẹ̀ Ọbasá àti Ògúntọ́lá Sápárà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá tàbí ìtàn, ẹ mọ orúkọ Johnson. Dókítà Obadiah yìí ni àbúrò Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé lókè òkun, tí ẹ̀gbọ́n náà sì kú ní 1901, dókítà yìí ló jókòó ti àwọn àjákù ìwé tó ṣẹ́kù, tó tún un kọ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ọdún kan lẹ́yìn tí òun náà ti kú. Bí kò bá sí i, bóyá ohun mìíràn ni à bá máa kà ní kíláàsì ìtàn wa.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni ìjọba gbà síṣẹ́ ní Èkó, tí wọ́n sì ń san owó tó kéré sí ti òyìnbó fún. Ìwé kan náà ni wọ́n kà, ìdánwò kan náà ni wọ́n ṣe, olùkọ́ kan náà ló kọ́ wọn. Dókítà Randle kò gbà á mọ́ra. Ó jà lórí owó oṣù, nígbà tí ọ̀rọ̀ ò sì yanjú, ó bọ́ síta, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ọlọ́rọ̀ níbẹ̀. Ní 1908 òun àti Ọbasá ló dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwa máa ń rò pé ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ìbò nìkan ni òṣèlú Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Owó oṣù dókítà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

ỌDÚN 1902

Títí di ìgbà yẹn, a lè ní àṣà burúkú lásán ni. Ní 1902 ó di òfin. Joseph Chamberlain ló ń darí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Wọ́n da gbogbo iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀, láti Gáńbíà dé Nàìjíríà, wọ́n pè é ní West African Medical Staff. Wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ẹni tí òbí rẹ̀ kì í bá ṣe ará Yúróòpù kò lè wọ inú rẹ̀. Wọn ò ní ẹni tí kò mọ̀wé. Wọn ò ní ẹni tí kò yege. Ìran ni wọ́n fi díwọ̀n. Àwọn dókítà dúdú tó wà nínú iṣẹ́, wọ́n kó wọn sórí àkọsílẹ̀ ọ̀tọ̀. Owó wọn kéré, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́, ọmọdé òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi lánàá ṣì ni ọ̀gá rẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ṣe àwíjàre? Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n jẹ́ òyìnbó, àti àwọn ìyàwó wọn, kò ní gbà kí dókítà dúdú tọ́jú àwọn. Wọ́n ní dókítà òyìnbó kò ní gbàṣẹ lẹ́nu aláwọ̀ dúdú. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó kórìíra ni wọ́n gbé ka ẹni tí wọ́n kórìíra lórí. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n á tún wo àkọsílẹ̀, wọ́n á ní, “Kí ló dé tí kò sí dókítà àgbà kankan nínú àwọn èèyàn yìí? Bóyá wọn ò tó bẹ́ẹ̀.” Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ síta náà ni yóò bi ọ́ pé kí ló dé tí o ò sí nínú ilé.

Kí ló ná wa? Ẹ wo Sápárà. Sàró ni wọ́n bí i sí ní 1861, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1896. Ṣọpọ̀nà ń pa àwọn èèyàn nígbà náà. Sápárà fura pé àwọn kan lára àwọn tó ń bọ òrìṣà náà ló ń tan àrùn yẹn ká. Kò jókòó sí ọ́fíìsì kọ lẹ́tà. Ó yọ́ wọ ẹgbẹ́ wọn, ó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó jáde wá ròyìn. Ìròyìn rẹ̀ wà lára ohun tó fa òfin 1917 tó fi òpin sí irú ìbọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí òfin yẹn ṣe sí àwọn olórìṣà ló dára, ìyẹn tó àròkọ mìíràn. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, dókítà òyìnbó wo ló lè wọ ibẹ̀? Èdè wo ni yóò fi wọ̀ ọ́? Ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ò lè ṣe yìí, àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí.

Àwọn kan á ní, “Ìjọba ṣáà dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ fún wa ní Yábàá ní 1930.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Igbákejì dókítà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò kọjá ẹnu ibodè Nàìjíríà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀yìnkùlé ló wà. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Yábàá yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement ní 1934, Dókítà James Churchill Vaughan sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ nìyí: wíwọlé nìkan ò tó. A gbọ́dọ̀ béèrè pé ẹnu ọ̀nà wo ni wọ́n ní ká gbà, àga wo ni wọ́n sì fún wa jókòó.

ÀWỌN OBÌNRIN ŃKỌ́?

Bí wọ́n bá ti ọkùnrin dúdú mọ́ ẹnu ọ̀nà kan, obìnrin dúdú ní méjì tí yóò kàn. Agnes Yéwándé Savage ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó gboyè dókítà, ní Edinburgh, ní 1929. Bàbá rẹ̀ náà, Richard Akínwándé Savage, dókítà ni. Ọmọ yìí mọ̀wé débi pé ó ta ọ̀pọ̀ ọkùnrin yọ. Ó wọṣẹ́ ìjọba ní Gold Coast, tó di Gánà. Wọ́n gé owó oṣù rẹ̀ kúrú, inú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sì ní kó máa gbé. Dókítà o! Ìgbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ Achimota ní 1931 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí ẹni tó jẹ́.

Ní 1938, Elizabeth Abímbọ́lá Akérelé, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Awólíyì, gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ní Dublin, ó padà sí Èkó. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn Massey Street ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, láàárín àwọn aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́. Kò sinmi síbẹ̀. Ní 1964 ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní National Council of Women's Societies, ó sì wà lórí oyè náà títí ó fi kú ní 1971.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ní 1946 ó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù St Thomas' ní London, níbi tí Florence Nightingale dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí. Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tó ní òun ò fẹ́ kí ọwọ́ dúdú kan òun. Kò torí ìyẹn padà sílé. Wọ́n kà á mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò ìlera ọ̀fẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ó wá padà sí Nàìjíríà ní 1954. Ẹ̀yin èèyàn mi, ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, láàárín àwọn ìyá àti àbúrò rẹ̀, wọ́n ní kò lè jẹ́ sísítà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù. Àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ipò náà pamọ́ fún. Ẹni tó tọ́jú òyìnbó ní London kò tó láti ṣe ọ̀gá nílé ara rẹ̀.

Ó dúró. Ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di mátírọ́nì níbẹ̀ ní 1964, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sórí àga náà. Ní 1965 ó di olórí gbogbo nọ́ọ̀sì lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kí i ju ti oyè lọ ni pé kò ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ṣaájú bí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ṣe wọ Yunifásítì Ìbàdàn, kí ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yẹn lè gboyè nílé, láìwọ ọkọ̀ ojú omi.

ÌGBÀ TÍ ILẸ̀KÙN ṢÍ

Kì í ṣe àánú ló ṣí i. Ní oṣù kejì 1947, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ivor Cummings, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ́fíìsì ìjọba ní London, wá sí Èkó. Wọ́n ti fi yàrá pamọ́ fún un ní hòtẹ́ẹ̀lì Bristol. Nígbà tí wọ́n rí i pé bàbá rẹ̀ ará Sàró ni, wọ́n ní kò sí àyè. Èkó gbaná. Àwọn èèyàn tú jáde, ìwé ìròyìn pariwo, Gómìnà Richards kò rí ibi sá sí. Ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ ní àwọn ibi tó jẹ́ tìjọba, títí kan àwọn ọsibítù tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó nìkan. Ọdún kan lẹ́yìn náà, yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé tuntun UCH sì ṣí ní 1957.

Ẹnì kan tún wà tó ṣí ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ ò rò rárá. Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ló bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí wọn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ oko, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú. Ó sì ké sí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pé kí wọ́n wá jókòó, ká jọ ṣe é. Àwọn tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló fún ní àga. Ìlera Arò di ohun tí gbogbo ayé wá ń wò.

ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Ìtàn tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wa, ìtàn àwọn òkú ni. Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé.

Àwa ará Èjìgbò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àjèjì. Ó ti pẹ́ tí àwọn bàbá wa ti ń lọ sí Abidjan ṣòwò. Ìdílé ò wọ́pọ̀ ní Màsífà tí kò ní ẹnì kan níbẹ̀. Nígbà tí Bédié di ààrẹ ní ìparí 1993, tí ọ̀rọ̀ “Ivoirité” gbòde, ẹni tó ti lo ogójì ọdún ní ọjà kan wá di ẹni tí wọ́n ń bi pé, “Ìwọ, níbo lo ti wá?” Ogun dé ní 2002, ọ̀pọ̀ kó ẹrù wálé. Ó yẹ kí àwa mọ bó ṣe ń ta. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan dé, Faransé ń bá Yorùbá rìn lẹ́nu rẹ̀, àwa náà ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó lọ wáṣẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ìpínlẹ̀ wo ni tirẹ̀, kì í ṣe kí lo mọ̀ ọ́n ṣe. 1902 ṣì wà láàárín wa. Ó pa aṣọ dà ni.

Ẹ wo àwọn tó ní àléébù ara. Ní oṣù kìíní 2019, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, pé kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba jẹ́ tiwọn, pé láàárín ọdún márùn-ún kí gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ní ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ẹ bá mi ka iye àtẹ̀gùn tó wà ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì tiwa yìí.

Èyí tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Mo sin ìyá mi àgbà lọ sí ọsibítù kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Dókítà náà ọmọ Yorùbá ni, ilà wà lójú bàbá rẹ̀, mo lè búra. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá ìyá arúgbó náà sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá ń mirí, ó ń ní “yẹ́ẹ̀sì, sà.” A jáde tán, wọ́n yíjú sí mi: “Kí ló wí?” Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ ń dáhùn, mà.” Wọ́n ní, “Mo ń bọ̀wọ̀ fún un ni.” Mo rántí Sápárà lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nílò rẹ̀, tí àwọn òyìnbó ò ní, ni èdè. Ohun kan náà ni ọmọ ọmọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ gbé sọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọ aṣọ funfun. Wọ́n jà kí dókítà dúdú lè wọlé, dókítà dúdú wọlé tán, aláìsàn ló kù síta.

Àwọn kan máa ń bi àwa tí à ń ka Yorùbá pé kí la fẹ́ fi ṣe. Èsì mi nìyí. Láti 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé Yorùbá lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bó bá lè ṣe ìyẹn, ó lè sọ fún ìyá àgbà iye ìgbà tí yóò lo oògùn rẹ̀. Mo ń dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa yìí wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ti nọ́ọ̀sì kàn. Kí wọ́n gbé ìwé ìlò oògùn wá, ká jọ kọ ọ́ ní Yorùbá tí ará Màsífà yóò gbọ́, kì í ṣe Yorùbá inú ìdánwò. A ò nílò owó púpọ̀. Ẹ̀rọ ìdàwé-kọ tó ń da ìwé yìí kọ lè da ìyẹn náà kọ.

Nítorí pé ewì ni mò ń kọ, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀:

Ìka ò dọ́gba, mo gbà.
Kúkúrú wọn ni kókó,
gígùn wọn ni ìwúlò.
Ọwọ́ tó lé àtàǹpàkò jáde
á jókòó ti iyán,
ebi á pa á.

Ẹni tó bá fẹ́ dára pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, kó bá èyíkéyìí nínú àwọn olùdarí ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ yòówù kó jẹ́ tirẹ̀, àyè wà.